Ta ló ni tiransifọ́mà yìí?

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì ìyá mi ní Ọ̀nà Ọ̀dà, nílùú Àkúrẹ́, mò ń ka àpò fúláwà tó kù nílẹ̀. Iná kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ yòò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a gbọ́ gbàù, òkùnkùn sì bolẹ̀. Míkísà tó ń po ìyẹ̀fun dúró lójijì. Ìdajì àpò ló wà nínú rẹ̀, yíìsì ti wọ̀ ọ́, ṣúgà ti wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ búrẹ́dì mọ̀ pé yíìsì kì í dúró de èèyàn. Jẹnẹrétọ̀ wà nílẹ̀, àmọ́ lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà nígbà náà, a ò sì rà á sílẹ̀. Ìyá mi ò pariwo. Wọ́n bọ́ òrùka ọwọ́ wọn, wọ́n jù ú sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, àwọn àti ọmọbìnrin méjì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun náà, èmi ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn. Bí òógùn bá ti yọ níwájú orí wọn, wọ́n á fi èjìká nù ún kó má bàa kán sínú búrẹ́dì. Aago mọ́kànlá ti lù kí wọ́n tó gé e sínú páànù. Àrò onígi la ní, torí náà búrẹ́dì jinná, àmọ́ kò wú. Ìdajì owó la ta á fún àwọn alágbàtà láàárọ̀.

Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná. Wọ́n ní kó lọ kọ lẹ́tà wá. Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó padà lọ, òṣìṣẹ́ kan sì fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Tí ẹ bá ní kí ẹ máa dúró dè wá, ẹ máa pẹ́ nínú òkùnkùn. Àwọn àdúgbò tó kù, ńṣe ni wọ́n ń dáwó ra tiwọn.” Bí owó dídá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bu ₦45,000 lé ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ á san ìlọ́po méjì, torí pé òun ló ń jẹ iná jù. ₦90,000 ni ìyá mi san, nígbà tí owó náà ò sì tó, wọ́n tún san ₦90,000 míì.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi nínú.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ni mo kà ní yunifásítì ní Àkùngbá. Lọ́dún kejì, olùkọ́ wa kan kọ ọ̀rọ̀ Faransé sójú pátákó: laissez-faire. Ó sọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ fún wa, pé láyé Ọba Louis kẹrìnlá, mínísítà kan tó ń jẹ́ Colbert pe àwọn oníṣòwò jọ, ó bi wọ́n pé kí ni ìjọba lè bá wọn ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì dá a lóhùn pé, ẹ ṣáà jẹ́ ká máa ṣe é. Kí ìjọba gbọ́wọ́ kúrò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á là, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á wá iṣẹ́ míì, ìlú lápapọ̀ á sì rí oúnjẹ tó dára jẹ lówó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí gan-an. Ọmọ oníṣòwò ni mí, mo ti rí àwọn agbowó-orí tó ń ti ṣọ́ọ̀bù èèyàn pa, kò sì sí ohun tó wù mí ju kí wọ́n fi ìyá mi sílẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo sọ fún wọn: “Màámi, àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọjà tí ìjọba ò bá dá sí ló ń dára jù.”

Wọ́n wò mí. “Ọjà wo? Ọjà Ọba?”

Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi yé ni. Ọdún bíi mẹ́wàá kọjá kí èmi tó gbọ́ wọn yé.

Ẹni tó bá ti wọ Àkúrẹ́ rí mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ààfin Déjì ni Ọjà Ọba wà, lójú ọ̀nà Ọba Adésidà. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré láìrò ó wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ní ìlú Yorùbá púpọ̀, ojú ààfin ni ọjà tó gbajúmọ̀ jù máa ń wà? Ọjà ń fẹ́ ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Àjèjì tó ru ẹrù rẹ̀ láti ìlú míì wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní já a gbà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá jà lọ́jà, ẹni tó fi òṣùwọ̀n èké tajà, ẹni tó ra àwìn tí kò san, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa dá ẹjọ́ wọn. Ọba ló ń rí sí i, àti àwọn ìjòyè rẹ̀, àti ìyálọ́jà, àti àwọn ìyá ẹgbẹ́ aláṣọ, ẹgbẹ́ alátà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja. Oníbodè ń gba owó lẹ́nu ibodè ìlú, owó yẹn náà sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe pé ọba ń bá wọn tajà o. Kò sọ fún alátà pé iye báyìí ni kó ta ata rẹ̀. Ohun tí alátà kan ò lè dá ṣe ni ọba ń bá gbogbo wọn ṣe. Orúkọ ọba ni àwọn baba wa sì fi sọ ọjà náà. Ìyẹn ni ìyá mi ń sọ fún mi, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wá jókòó ka àwọn ọ̀mọ̀wé náà fúnra mi ni pé ẹni tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀rí jù kò jìnnà sí ìyá mi. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni Adam Smith, 1776 ló gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè jáde. Ọ̀rọ̀ “ọwọ́ àìrí” tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jẹyọ nínú gbogbo ìwé náà. Àmọ́ ó fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìjọba ni láti dáàbò bo ìlú, láti dá ẹjọ́, àti láti ṣe ọ̀nà àti afárá àti irú àwọn nǹkan tó ń ṣe gbogbo ìlú láǹfààní ṣùgbọ́n tí èrè rẹ̀ ò lè kárí owó ẹnì kan tó bá dá a ṣe. Ó sì kìlọ̀ gidigidi pé kí ìjọba ṣọ́ra fáwọn oníṣòwò ńlá tó bá ń gbé òfin wá fún un pé kó fọwọ́ sí, torí àǹfààní ara wọn ni wọ́n sábà máa ń wá. Ní 1778, wọ́n fi òun gan-an ṣe ọ̀kan lára àwọn kọmíṣọ́nà owó ibodè ní Scotland, ìdí iṣẹ́ náà ló sì wà títí ó fi kú ní 1790. Mi ò rí ẹ̀tàn nínú ìyẹn. Ẹni tó mọ ọjà dáadáa ni, ó sì mọ̀ pé ọjà ní ilé tó ń gbé, pé ẹnì kan ló sì kọ́ ilé náà.

Kódà ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, ní 1721, wọ́n ṣòfin pé àwọn èèyàn wọn ò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ òwú alátẹ̀, irú èyí tó ń ti Íńdíà wá, kí àwọn ahunṣọ tiwọn lè rí jẹ. Ìgbà tí ẹ̀rọ wọn ti lágbára tán, tí kò sí ahunṣọ Íńdíà tó lè bá wọn figagbága mọ́, ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kí gbogbo ayé ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ iná.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Mo rántí bínú wa ṣe dùn tó. Wọ́n ní NEPA ti kú, ọjà ló kù tó máa ṣiṣẹ́. Kò pé ọdún kan tí báńkì àpapọ̀ fi gbé ₦213 bílíọ̀nù kalẹ̀ bí ẹ̀yáwó láti gbé ọjà iná náà ró, torí gbèsè ti mù ún dé ọrùn. Nígbà tó di 2017, ìjọba tún fọwọ́ sí ₦701 bílíọ̀nù kí àwọn tó ń pèsè iná lè máa rí owó wọn gbà. Ní oṣù Kẹrin 2024, oṣù kan náà tí tiransifọ́mà wa bú, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń rí iná jù, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ilé-iṣẹ́ iná bá dojú dé, ta ló máa rí iná lò? Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tó kan òpó, wáyà àti tiransifọ́mà Ọ̀nà Ọ̀dà, wọ́n wá rántí pé ọjà ni, pé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan ni kó lọ rà á. Ìyá Ṣadé tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa, tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn ní ìṣọ̀ rẹ̀, dá ₦5,000. Kò sí nínú àwọn tí wọ́n bu owó lé, ó ní òun náà ń lo iná. Owó ẹ̀kọ wà nínú tiransifọ́mà yẹn. Ẹ sọ fún mi, nínú obìnrin yìí àti ilé-iṣẹ́ tó ń fi iná náà pawó, ta ló ń ti ta lẹ́yìn?

Bákan náà lọ́rọ̀ àwọn báńkì rí. Ní 2009, nígbà tí báńkì mẹ́jọ fẹ́ rì nílẹ̀ yìí, báńkì àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi da ₦620 bílíọ̀nù sínú wọn, wọ́n sì dá àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ AMCON sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti ra gbèsè tó ti bàjẹ́ kúrò lọ́rùn wọn. Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ilé ìwàásù ọjà òmìnira, ti ṣe irú rẹ̀ ní 2008: $700 bílíọ̀nù ni ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí. Àlàyé wọn yé mi, pé bí báńkì bá wó, owó ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ á bá a lọ. Àmọ́ ilé búrẹ́dì kan wà lójú títì wa tẹ́lẹ̀, èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun níbẹ̀, ìparí 2023 ló kógbá sílé. Ẹnì kankan ò wá bi wọ́n léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọjà ló pa á, wọ́n ní.

Ọdún 2023 yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti lọ. Láàárín oṣù Kẹfà, wọ́n ní kí ọjà máa pinnu iye náírà fúnra rẹ̀. Òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù lára àlìkámà tí wọ́n fi ń lọ fúláwà wa ti ń wá, torí náà kò sí oṣù tí owó àpò kan ò yí padà fún wa. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Keje, ààrẹ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, ó ní ìjọba máa ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Mo kọ àwọn iye náà sílẹ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá 75 máa yá ₦75 bílíọ̀nù, ₦1 bílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èlé rẹ̀ ₦9 lórí ₦100 lọ́dún. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, máa pín ₦75 bílíọ̀nù míì láàárín ara wọn, kò sí ẹni tó máa gbà ju ₦1 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tó kéré jù, mílíọ̀nù kan èèyàn, á gba ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan láìsan án padà.

Mo gbé e ṣírò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan máa yá tó ìpín ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún àwọn ìyá alátẹ. Òótọ́ ni pé ẹ̀yá ni tilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀bùn sì ni ti alátẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé òdiwọ̀n èlé dé 18.75 lórí ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá yá ẹ ní ₦1 bílíọ̀nù ní 9 ti fún ẹ lẹ́bùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yá ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí ìyá mi ti ń yáwó, ₦5 ni wọ́n ń gbà lórí ₦100 lóṣooṣù, ẹ fi méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀.

A gbìyànjú ti ₦1 mílíọ̀nù yẹn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa lọ́fíìsì kan ní ojú ewé mẹ́fà, wọ́n sì ní ká wá oníṣẹ́ ìjọba méjì tó máa dúró fún wa. Ìyá mi mú awò ojú wọn, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n bá bi mí pé, “Ta ni wọ́n kọ eléyìí fún?” A kún un, a fi ránṣẹ́, a ò gbúròó ẹnikẹ́ni. Àjọ tí wọ́n ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rìnlá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi san owó tiransifọ́mà. Wọ́n bẹ ẹni tí oṣù yẹn kàn pé kó jẹ́ káwọn kó o ṣáájú òun, ó sì gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń kà á á ti máa sọ pé ìjọba tí mo ń fẹ́ yìí, ṣé n ò rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fáwọn àgbẹ̀ kòkó ni? Mo rí i. Inú rẹ̀ la ti bí mi.

Bàbá àgbà mi dáko kòkó ní Ìdànrè, lójú ọ̀nà Àlàdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn, Bọ́ọ̀dù, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ló ń ra kòkó wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ nígbà ogun Hitler, ó di ti Nàìjíríà ní 1947, ó di ti agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Bàbá máa ń sọ bó ṣe rí fún wa. Ìjọba á kéde iye tí wọ́n máa ra kòkó kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n á sá kòkó wọn títí tó fi ń dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ gírédì, ẹni tí ìjọba rán wá á fi irin ṣóńṣó gún àpò níhìn-ín gún un lọ́hùn-ún, á da ẹyọ kòkó tó bá jáde sórí pátákó, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, á wo inú rẹ̀. Bó bá rí èyí tó bu, kó o padà lọ. Bàbá ní àwọn kì í lè sùn lálẹ́ ọjọ́ tó bá ṣáájú gírédì. Síbẹ̀ wọ́n ń fi ọkàn kan sọ ọ́, bí ẹni tó rántí olùkọ́ tó le. Gàmálíìn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ẹ̀dínwó ni ìjọba ń tà á fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ló fún wọn ní irúgbìn tó ń tètè so, tí wọ́n gbìn sí apá ibi odò.

Ṣùgbọ́n iye tí Bọ́ọ̀dù ń san kéré gan-an sí iye tí òun ń tà á lókèèrè. Ìyókù ń wọ àpò ìjọba. Wọ́n fi ṣe nǹkan ńlá, mi ò ní parọ́: owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, tí ìyá mi náà jẹ nínú rẹ̀ nígbà tó yá, ó sì wà nínú Ilé Kòkó alájà 26 tó parí n'Íbàdàn ní 1965. Bàbá ò dé Íbàdàn rí títí wọ́n fi kú. Nígbà tó di 1968 sí 1969, tí owó-orí ti wá pọ̀ lápọ̀jù lórí owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde, Tafa Adeoye ṣáájú wọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọwọ́ ìjọba dáa níbi gbogbo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn fún àwọn tó kú níbẹ̀.

Ní 1986, ìjọba Babangida pa Bọ́ọ̀dù rẹ́. Ó di kí oníkálukú máa ra kòkó bó bá ṣe wù ú. Inú bàbá dùn dé góńgó. Owó kòkó fò sókè, àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí ń wọ mọ́tò wá sí Ìdànrè pẹ̀lú òṣùwọ̀n tiwọn, wọ́n ń ra èyí tó gbẹ, wọ́n ń ra èyí tí kò gbẹ, wọn ò là á wò. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń bi ọ́ bóyá kòkó rẹ gbẹ, ta ló máa fi ọjọ́ méje sá a? Orúkọ kòkó Nàìjíríà bàjẹ́ lókèèrè. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ owó já wálẹ̀, àwọn onímọ́tò ò padà wá mọ́, gàmálíìn ti wá di iye tí apá ò ká. Bàbá ní Bọ́ọ̀dù ń rẹ́ àwọn jẹ, àmọ́ ó mọ orúkọ àwọn.

Àbúrò ìyá mi ló ń mójú tó oko náà báyìí. Ní 2024, kòkó kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, ó tilẹ̀ kọjá $12,000 nígbà tó di ìparí ọdún. Nítorí pé kò sí Bọ́ọ̀dù tó máa yọ tirẹ̀, owó náà wọlé dé Ìdànrè. Wọ́n fi páànù tuntun kan ilé, wọ́n san owó iléèwé ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Gánà, níbi tí ìjọba ti ń dá iye lé kòkó, ohun tí àgbẹ̀ ń gbà lọ́dún yẹn kò tó ìdajì iye ọjà àgbáyé. Ọjà òmìnira ló ṣe èyí fún wa, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ dé bí ìdajì, kò sì sí ohun tó dá a dúró lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lóko lọ́dún náà, mo bi àbúrò ìyá mi pé apá ibo ló so jù. Wọ́n nawọ́ sí apá ibi odò. Àwọn igi yẹn ni, irúgbìn ìjọba ayé ìjọ́sí. Látìgbà náà, wọ́n ní, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba kankan ò tẹ oko náà mọ́. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù sì ti ṣòfin ní 2023 pé kòkó tó bá máa wọ ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ibi tí oko rẹ̀ wà gan-an lórí ilẹ̀. Àbúrò ìyá mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Àwọn arakòkó ńlá ní in, àwọn ni wọ́n ń bá àgbẹ̀ wọn oko, ẹni tó bá sì bá ẹ wọn oko, òun lo máa ta kòkó fún.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń jiyàn lórí bóyá kí ìjọba wọ ọjà tàbí kó jáde jókòó mọ́. Mi ò tíì rí ọjà tí ìjọba ò sí nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó ń wọ ilé búrẹ́dì lóṣooṣù láti gba owó: oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni mo kà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá mi lọ́dún 2024, ti pátákó, ti ìmọ́tótó, ti kẹ̀kẹ́ tó ń gbé búrẹ́dì, ti rédíò tí a ò ní. Ọwọ́ tó ń gbà ni wọ́n máa ń nà sí wa, èyí tó ń fúnni, ọ̀nà ibòmíì ló mọ̀. Ohun tó wù mí kò ju kí wọ́n ṣe fún Ọ̀nà Ọ̀dà ohun tí ọba ń ṣe fún Ọjà Ọba: ọ̀nà tí mọ́tò fúláwà lè gbà nígbà òjò, ilé-ẹjọ́ tí alágbàtà tó jẹ ₦30,000 á ti dáhùn láìná ₦50,000, iná tí a sanwó rẹ̀. Búrẹ́dì, àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Oṣù Keje ni owó tiransifọ́mà pé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi la ṣèpàdé, nínú ọgbà ilé alága, lábẹ́ máńgòrò. Ọmọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ iná, ọmọ tó níwà, ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àgbà. Ó kó ìwé kan jáde. Alága kà á sókè: àwa ará àdúgbò fi tiransifọ́mà yìí, òpó mẹ́rin àti wáyà tó so mọ́ ọn ta ilé-iṣẹ́ náà lọ́rẹ, a ò sì ní béèrè ohunkóhun padà lórí rẹ̀.

Ìyá mi nawọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tó bá tún bú, ta ló máa ra òmíràn?”

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. Mo dìde, mo ní àjọ NERC tó ń darí ọ̀rọ̀ iná ti sọ ọ́ pé tí oníbàárà bá máa ra irú nǹkan báyìí, ó yẹ kí àdéhùn wà lórí bí wọ́n ṣe máa san owó rẹ̀ padà. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun ò lè kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá òun ló lè kọ ọ́, ọ̀gá òun wà ní ìrìn-àjò. “Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí, wọ́n á so iná yín lọ́la.”

Oṣù mẹ́ta la ti wà nínú òkùnkùn. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Lẹ́yìn náà alága fọwọ́ sí i, ó gbé ìwé náà fún ẹni tó jókòó tì í. Ìyá Ṣadé tẹ̀ka, torí wọn ò mọ̀wé kọ. Nígbà tó kan ìyá mi, wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n tún ìwé náà kà láti òkè délẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn ní kíkún sójú ìlà kẹtàlélógún, wọ́n sì na báírò sí mi pé kí n kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.